Iná ẹ̀yìn alùpùpù mi ò yéé jó: ṣé kí n kúkú gbé LED sí i?

Arìnkiri

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ iná ẹ̀yìn ló gbé mi wá. Láàárín ọ̀sẹ̀ 5, gílóòbù mẹ́ta ni mo ti pààrọ̀. Irú èyí tí wọ́n kọ 12V 21/5W sí lára ni, tó ní òwú méjì nínú: ọ̀kan fún iná alẹ́, ọ̀kan fún bíréèkì. Òwú tín-ín-rín, ti iná alẹ́, ló máa ń já ṣáájú. Ti bíréèkì á ṣì máa tàn fún ọjọ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà òun náà á lọ.

Nǹkan mìíràn wà tí kò yé mi. Bí mo bá tẹ bíréèkì nígbà tí iná alẹ́ wà ní títàn, dípò kí ẹ̀yìn mọ́lẹ̀ sí i, ṣe ló ń rẹ̀wẹ̀sì. Tráfíkétọ̀ ẹ̀yìn náà á máa tàn fírífírí, bẹ́ẹ̀ n kò fọwọ́ kan súwíìṣì wọn. Kì í ṣe ojoojúmọ́ o. Bí òjò bá rọ̀, tàbí tí ọ̀nà bá rí gbágungbàgun, ló máa ń pọ̀.

Lánàá, ọkọ̀ kan fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá mi lẹ́yìn. Awakọ̀ náà ní òun ò mọ̀ pé mo ti ń dúró. Mi ò bá a jà, òótọ́ ló sọ. Àyà mi ṣì ń já bí mo ṣe ń kọ èyí. Mo ń rò ó pé kí n yọ gbogbo rẹ̀ dànù kí n gbé LED sí i. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe é rí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Sáré-Pẹ́lẹ́

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run ló yọ yín. Ẹ gbé LED sí i, ó tán. LED kò ní òwú tó lè já. Ọdún 4 rèé tí mo ti fi tèmi sí i, n kò tíì pààrọ̀ rẹ̀. Irú èyí tí ìdí rẹ̀ bá sọ́kẹ́ẹ̀tì yín mu wà, ẹ kàn máa yọ ti àtijọ́, ẹ ki tuntun bọ̀ ọ́. Ìṣẹ́jú 5 ni.

ỌmọWáyà

Ẹ má tíì ra ohunkóhun o. Bí ohun tó ń pa gílóòbù bá ṣì wà níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kó pa LED náà.

Ṣé àwọn èyí tó ti jó ṣì wà lọ́wọ́ yín? Ẹ gbé ọ̀kan sójú oòrùn kí ẹ wò ó dáadáa. Bí inú dígí bá ti dúdú, tàbí tó ń dán bíi jígí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé fóòtì, ìyẹn agbára tó ń ti iná lọ, tó ń dé ibẹ̀ ti pọ̀ jù, òwú ti ń yòrò díẹ̀díẹ̀. Bí dígí bá mọ́ gaara tí òwú sì kàn já lójú kan, tó ń mì bí ẹ bá ta á nìka, gbígbọ̀n ló pa á. Oògùn àwọn méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tan ẹ́ńjìnnì, ẹ fi mítà kan orí méjèèjì bátìrì, kí ẹ yí ọwọ́ títí tí ẹ́ńjìnnì á fi máa yí tó 5000 ní ìṣẹ́jú kan. Ó yẹ kí ẹ rí nǹkan bíi 13.5 sí 14.5 fóòtì. Bó bá ti kọjá 15, rẹ́gúlétọ̀, èyí tí kì í jẹ́ kí fóòtì pọ̀ jù, ti ń ṣàìsàn. Gílóòbù ò sì fẹ́ràn àlékún rárá. Bí fóòtì bá fi ìdá 5 péré nínú ọgọ́rùn-ún ju iye tí wọ́n ṣe é fún lọ, ọjọ́ ayé gílóòbù á dín kù tó bí ìdajì.

ÌyáẸlẹ́ńjìnnì

Òótọ́ lọ̀rọ̀ ỌmọWáyà, ṣùgbọ́n apá kejì ìròyìn Arìnkiri ló mú mi dìde lórí ìjókòó. Kí bíréèkì máa pa iná alẹ́, kí tráfíkétọ̀ máa tàn láìpè é: ẹ́ẹ̀tì nìyẹn. Wáyà tó ń dá iná padà sí orí nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì ni mo ń wí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, torí ó ṣe mí ní ọdún tí mo kọ́kọ́ ra alùpùpù, gílóòbù ni mo sì ń pààrọ̀ kiri bí ẹni tí ń lé òjìji. Iná dà bí omi inú ìṣàn. Ó gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà lọ, kó sì rí ọ̀nà bọ̀. Bí ẹ bá tẹ bíréèkì, iná wọ inú òwú ńlá, ó tàn án, ó wá ń wá ọ̀nà padà sílé. Bí ojú ẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn bá ti dógùn-ún tàbí tó tú, ọ̀nà ti dí. Bí omi bá pàdé ìdíwọ́, ṣé ẹ mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ ló ń gbà? Tráfíkétọ̀ ẹ̀yìn àti iná ẹ̀yìn sábà máa ń lo ẹ́ẹ̀tì kan náà. Nítorí náà iná á wọ inú gílóòbù tráfíkétọ̀ ẹ̀yìn láti ìdí, á gba wáyà rẹ̀ lọ sí tráfíkétọ̀ iwájú ní ẹ̀gbẹ́ kan náà, á wá rí ẹ́ẹ̀tì tó dáa níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tàn fírífírí.

Ẹ dán èyí wò lálẹ́: ẹ pa iná alẹ́, ẹ tẹ bíréèkì, kí ẹ wo ojú aago iyára. Bí iná inú aago bá tàn díẹ̀, ó dájú.

Wíwọ̀n rẹ̀ ò le. Ẹ fi mítà sí fóòtì DC. Ẹ fi ẹnu kan kan ara irin sọ́kẹ́ẹ̀tì iná ẹ̀yìn, ẹ fi ìkejì kan orí nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì gan-an, kì í ṣe ara ṣáásì. Kí ẹnìkan bá yín tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀. Bí ẹ́ẹ̀tì bá dáa, ohun tí ẹ ó rí kò ní ju 0.2 fóòtì lọ. Ohunkóhun tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, iná tó yẹ kí gílóòbù jẹ ni ìdógùn-ún ń jẹ.

Olóòru

Ìbéèrè kan kí ẹ tó lọ jìnnà. Arìnkiri, bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí jẹ́ẹ́jẹ́ lójú kan, ṣé iná iwájú máa ń ṣú? Tí ẹ bá yí ọwọ́, ṣé ó máa ń mọ́lẹ̀ gan-an? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, iná yín ò wá láti inú bátìrì. Lórí ọ̀pọ̀ alùpùpù kékeré, ara kọ́ìlì inú ẹ́ńjìnnì ni iná iwájú àti iná alẹ́ ti ń mu tààrà. Bíréèkì àti tráfíkétọ̀ nìkan ló ń mu ti bátìrì.

Nǹkan méjì ni mo mọ̀ nípa irú wọn. Èkíní, bí gílóòbù iwájú bá jó, agbára tí òun ń gbà mọ́ra tẹ́lẹ̀ á rọ́ lu ti ẹ̀yìn. Gílóòbù 5 wáàtì ò lè rù ú, lójú ẹsẹ̀ ló ń lọ. Ìkejì, bí ẹ bá ki LED lásán síbẹ̀, á máa ṣẹ́jú. Tèmi ṣẹ́jú títí orí fi fọ́ àwọn tó ń tẹ̀ lé mi lẹ́yìn. Ti bíréèkì dúró ṣinṣin, ti alẹ́ ń gbọ̀n pìtìpìtì. Àfi ìgbà tí mo yí wáyà iná alẹ́ kúrò lára kọ́ìlì lọ sára bátìrì.

Bàbá Onímáṣíìnì

Ẹ kú àárọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ má da ara yín láàmú púpọ̀. Ẹ́ẹ̀tì burúkú ni, ẹ́ẹ̀tì burúkú náà ló ń jó gílóòbù yín. Mo ti rí i lórí alùpùpù tí n kò lè kà tán. Ẹ fa wáyà tuntun láti ara sọ́kẹ́ẹ̀tì lọ sí orí nẹ́gẹ́tíìfù, ẹ ó sùn dáadáa.

Arìnkiri

Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo yín. Mo ti wọ̀n ọ́n. Iná mi kì í yí padà pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì, nítorí náà bátìrì ló ń bọ́ ọ. Bátìrì: 12.6 kí n tó tan ẹ́ńjìnnì, 14.2 ní 5000. Dígí àwọn gílóòbù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ gaara, òwú kàn já ni.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ti ẹ́ẹ̀tì: 3.1 fóòtì nígbà tí mo tẹ bíréèkì! Ojú aago náà sì tàn bí Ìyá ṣe wí. Ṣé òun náà ló wá ń jó gílóòbù?

ỌmọWáyà

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo dọ̀bálẹ̀ kí n tó sọ ọ́: lórí alùpùpù Arìnkiri yìí, n kò gbà pé ẹ́ẹ̀tì ló ń jó gílóòbù. Ẹ wò ó. Fóòtì 14.2 ló kúrò ní bátìrì, ìdógùn-ún gba 3.1, ohun tó kù fún gílóòbù kò ju bíi 11 lọ. Ebi ló ń pa gílóòbù náà, kì í ṣe àjẹyó. Gílóòbù tí ebi ń pa ń pẹ́ láyé ni, ó kàn ń tàn bàìbàì.

Nítorí náà ìṣòro méjì ló wà lórí alùpùpù kan. Ẹ́ẹ̀tì ló ń mú kó ṣú. Ohun tó ń já òwú yàtọ̀, dígí tó mọ́ gaara sì ti fi í hàn wá: ó ń gbọ̀n.

Bàbá Onímáṣíìnì

O ṣeun, ọmọ mi, o ṣàlàyé dáadáa, mo sì gbà. Ó jọ pé ohun tí mo máa ń rí ni ẹ́ẹ̀tì ti rẹ́gúlétọ̀ fúnra rẹ̀. Bí ìyẹn bá dógùn-ún, rẹ́gúlétọ̀ á rò pé bátìrì ò tíì yó, á máa rọ iná sí i, gílóòbù á máa jó káàkiri, ti iwájú àti ti ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n 14.2 dára. Ti Arìnkiri kì í ṣe irú rẹ̀.

ÌyáẸlẹ́ńjìnnì

Ó kù ká wá rọ́bà. Arìnkiri, ẹ yọ gbogbo àpótí iná ẹ̀yìn kúrò lára mọ́dùgáàdì. Níbi tí bóòtì ti gbà kọjá, ó yẹ kí rọ́bà yíká rẹ̀, kí òrùka irin kékeré sì wà láàárín rọ́bà kí nọ́ọ̀tì má baà tẹ̀ ẹ́ pa. Rọ́bà yẹn ló ń gba gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì mọ́ra. Bó bá ti le bí igi, tàbí tí ẹnìkan ti sọ ọ́ nù nígbà kan rí tó sì fi nọ́ọ̀tì fún un pa, gílóòbù á máa jó ijó tí kò pè.

Ẹ wo inú sọ́kẹ́ẹ̀tì náà. Sípíríìnì abẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ta gílóòbù padà bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Ẹ tún wo ìdí gílóòbù: òjé méjì tó yọ róbótó ni iná ń gbà wọlé. Gbígbọ̀n máa ń jẹ wọ́n títí wọ́n á fi pẹlẹbẹ, wọn ò ní kan ìsàlẹ̀ dáadáa mọ́. Kí ẹ tó sọ gílóòbù tí òwú rẹ̀ ṣì pé nù, ẹ kán òjé díẹ̀ lé e, á padà sípò.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi agbára ki gílóòbù yìí bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì o. Etí méjèèjì ara rẹ̀ kò sí ní ìpele kan náà, ọ̀kan ga ju èkejì lọ. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ kó má baà ṣeé gbé sódì ni. Ẹni tó bá fi tipátipá ṣe é sódì, iná alẹ́ rẹ̀ á máa mọ́lẹ̀ bíi ti bíréèkì, tó bá wá tẹ bíréèkì, kò sóhun tí ẹni ẹ̀yìn á rí.

Ajíjìn

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo ki ọ̀rọ̀ tèmi bọ̀ ọ́, ó jọ ti Arìnkiri. Iná bíréèkì mi ò tàn rárá. Gílóòbù dáa, mo dán an wò lára bátìrì. Mo fi mítà wọn wáyà bíréèkì nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó fi 12.4 hàn gbangba. Ẹ́ẹ̀tì náà ò ní wàhálà. Ẹ̀rù ń bà mí pé nǹkan tí ojú ò rí ni.

Tẹ́sítà21

Ajíjìn, mítà yín ń tàn yín jẹ. Mítà onínọ́ńbà kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ mu iná rárá. Kódà bí wáyà ti já tó ku ẹyọ fọ́nrán bàbà kan tó tín-ín-rín bí irun, á ṣì fi 12 hàn yín. Ṣùgbọ́n gílóòbù bíréèkì 21 wáàtì ń mu bí áńpù 1.75, ẹyọ fọ́nrán tó ti ń jẹrà kò lè gbé e kọjá. Ní kété tí ẹ bá gbé gílóòbù sí i, fóòtì á wó lulẹ̀.

Èmi kì í fi mítà nìkan wá irú àìsàn yìí. Mo so wáyà méjì mọ́ gílóòbù 21 wáàtì kan, òun ni mo fi ń tọ wáyà láti ìdí bátìrì lọ sẹ́yìn. Ibi tó bá ti tàn dáadáa, ọ̀nà ṣì dára. Ibi tó bá ti ṣú, àárín ibẹ̀ àti ibi tí ẹ ti wá ni ìṣòro wà. Ibi tó máa ń já sí jù ni ibi tí wáyà ti ń tẹ̀: lábẹ́ àga, lórí mọ́dùgáàdì ẹ̀yìn, àti ìdí súwíìṣì bíréèkì tí ẹrẹ̀ ń ta sí.

Ẹni tí fíúsì rẹ̀ bá ń já ní gbogbo ìgbà tó bá tẹ bíréèkì náà lè lo gílóòbù kan náà. Ẹ má fi fíúsì tó tóbi jù síbẹ̀, ẹ má sì fi bébà dídán dì í, iná lè ràn mọ́ wáyà lábẹ́ ìdí yín. Ẹ yọ fíúsì tó já, ẹ fi gílóòbù 21 wáàtì rọ́pò rẹ̀, ẹ yọ gílóòbù ẹ̀yìn kúrò, kí ẹ wá tẹ bíréèkì. Bí ti ojú fíúsì bá tàn gan-an, wáyà ti kan irin níbì kan. Ẹ máa mi wáyà lójú kan, lójú kejì. Ní ìṣẹ́jú tó bá kú, ẹ ti fọwọ́ kan ibẹ̀.

Ajíjìn

Ẹ kú iṣẹ́ o! Abẹ́ àga ni. Rọ́bà ara wáyà ò tíì bó, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fà á, ṣe ló ń nà bíi rọ́bà lásán. Bàbà inú rẹ̀ ti jẹrà di àwọ̀ ewé. Mi ò bá máa pààrọ̀ gílóòbù títí.

Akọ́mọlóòjé

Ẹ jẹ́ ká padà sórí LED, torí Arìnkiri béèrè, kò sì yẹ ká fi sílẹ̀. LED ní àǹfààní gidi. Òwú gílóòbù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbóná kó tó mọ́lẹ̀, ìyẹn sì ń gba bí ìdá 2 nínú 10 ìṣẹ́jú àáyá kan. LED kì í dúró de ohunkóhun. Bí ẹni tó wà lẹ́yìn yín bá ń sá ní kìlómítà 80 ní wákàtí kan, ìdá 2 yẹn tó bí ẹsẹ̀ bàtà 14. Ẹsẹ̀ bàtà 14 lè jẹ́ ààyè láàárín ìdí yín àti iwájú ọkọ̀ rẹ̀.

Fúnra mi ni mo ṣe tèmi. LED pupa, mẹ́ta mẹ́ta ní ìlà kan, ìlà 10, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 30. LED pupa kan ń jẹ bíi 2 fóòtì, mẹ́ta jẹ 6. Ẹ má fi 12 ṣírò o, torí bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, 14.4 ló ń bọ̀. Dáyóòdù 1N4007 tó wà lójú ọ̀nà, èyí tó ń jẹ́ kí iná lọ láìjẹ́ kó padà, á jẹ 0.7. Ẹ yọ 6 àti 0.7 kúrò nínú 14.4, ó ku 7.7. Rẹsítọ̀ 470 òómù, tó ń dín iná kù, fún ìlà kọ̀ọ̀kan á jẹ́ kí bí mílíáńpù 16 kọjá, LED tí wọ́n ṣe fún 20 ò sì ní fapá jánú. Ti bíréèkì nìyẹn. Fún iná alẹ́, rẹsítọ̀ 2200 òómù mìíràn lórí ìlà kan náà, pẹ̀lú dáyóòdù tirẹ̀, á fún un ní bí 3.5. Bí méjèèjì bá tàn pọ̀, ó súnmọ́ 20, kò kọjá á. Gbogbo rẹ̀ nígbà tí bíréèkì bá tàn kò ju 3 wáàtì lọ, níbi tí gílóòbù ti ń mu 21.

Dáyóòdù méjèèjì ṣe pàtàkì. Bí kò bá sí wọn, iná bíréèkì á sá wọ wáyà iná alẹ́, gbogbo ojú aago yín á máa tàn bí ẹ bá tẹ bíréèkì. Òjé ni mo fi jó gbogbo rẹ̀, mo sì fi òjé jó wáyà mọ́ wáyà alùpùpù, kò sí kílíìpù kankan.

Bàbá Onímáṣíìnì

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ dára, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ òjé lórí wáyà tó ń gbọ̀n. Òjé máa ń fà wọ inú fọ́nrán wáyà, á sọ ibẹ̀ di ọ̀pá. Ibi tí ọ̀pá yẹn parí sí ni wáyà ti ń ṣẹ́. Kílíìpù tí a fi ìfúnpọ̀ tó yẹ fún mọ́ wáyà, tí a sì fi rọ́bà tí ń sún mọ́ ara bò, ni mo gbọ́kàn lé.

Akọ́mọlóòjé

Bàbá, bí a bá de wáyà mọ́lẹ̀ ní ìka méjì sí ojú òjé, kò ní tẹ̀ níbẹ̀, kò sì ní ṣẹ́. Tèmi ti lo ọdún 3. Kílíìpù tí wọ́n fi eyín tàbí ẹ̀mú lásán tẹ̀ ló pọ̀ jù lóde, omi ń wọ inú wọn.

Bàbá Onímáṣíìnì

Ti ẹ̀mú lásán, òótọ́ ni, ìyẹn burú ju òjé lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ òjé jó, bíi Arìnkiri, kí ó yá irinṣẹ́ kílíìpù tó dáa.

ÌyáẸlẹ́ńjìnnì

Mo fẹ́ràn LED, ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ mẹ́ta kan wà tí n kò lè gbé mì. Lábẹ́ ọ̀pọ̀ iná ẹ̀yìn, ojú fèrèsé funfun kan wà tó ń tan ìmọ́lẹ̀ sí nọ́ńbà alùpùpù. Bí ẹ bá gbé LED pupa síbẹ̀, nọ́ńbà yín á di pupa tàbí kó ṣókùnkùn pátápátá, òfin ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè sì ní funfun ló gbọ́dọ̀ jẹ́. Bí ẹ bá wá gbé LED funfun nítorí èyí, ike pupa á sé èyí tó pọ̀ jù nínú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ mọ́nú, á sì lè hàn bí àwọ̀ òdòdó tó ti ṣá. Pupa lẹ́yìn ike pupa ló dára jù. Nígbà náà, ẹ fi LED funfun kékeré mìíràn wo nọ́ńbà.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ìyàtọ̀ àárín alẹ́ àti bíréèkì. Wáàtì 21 àti 5, ẹ rí i, ó lé ní ìlọ́po 4. Ọ̀pọ̀ gílóòbù LED olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń tà fún sọ́kẹ́ẹ̀tì yìí, ìyàtọ̀ wọn ò tó nǹkan. Ẹni ẹ̀yìn á máa rí pupa, pupa, kò ní mọ ìgbà tí ẹ dúró. Ìpàkọ́ onípàkọ́ là á rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í bá ni í rí tẹni. Ẹ ní kí ẹnìkan dúró ní ìṣísẹ̀ 30 sẹ́yìn lójú oòrùn ọ̀sán, kí ẹ tẹ bíréèkì, kí ó sọ ohun tó rí.

Bí ẹ bá fẹ́ ra odindi àpótí iná LED, ẹ wo ara ike rẹ̀ bóyá lẹ́tà E pẹ̀lú nọ́ńbà wà nínú òbìrí kan. E1 ni Jámánì, E2 ni Faransé, E3 ni Ítálì. Ó túmọ̀ sí pé wọ́n ti dán ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ wò kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Ike dúdú bí èéfín tí àwọn ọ̀dọ́ ń fi sí i, ẹ má súnmọ́ ọn.

Sáré-Pẹ́lẹ́

Ọ̀rọ̀ Ìyá mú mi jáde lọ́sàn-án yìí. Mo ní kí àbúrò mi dúró sẹ́yìn, mo tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀mẹwàá, mi ò sọ ìgbà tí mo tẹ̀ ẹ́ fún un. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ló mọ̀. Ọdún 4 ni mo ti ń gun alùpùpù yẹn pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ tí kò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Mo ti dá gílóòbù òwú padà síbẹ̀ títí n ó fi rí LED gidi. Arìnkiri, ẹ má tẹ̀ lé ìmọ̀ràn tí mo kọ́kọ́ fún yín.

Olóòru

Nígbà tí ẹ bá wà níbẹ̀, ẹ wo súwíìṣì bíréèkì ẹsẹ̀. Iná gbọ́dọ̀ tàn kí bíréèkì tó bẹ̀rẹ̀ sí í mú, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Tó bá pẹ́ jù, ẹ di ara súwíìṣì mú ṣinṣin, kí ẹ yí nọ́ọ̀tì nìkan. Bí ẹ bá yí ara súwíìṣì, wáyà inú rẹ̀ á lọ́, á já. Ẹ dán ti ọwọ́ náà wò lọ́tọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń dán ẹsẹ̀ nìkan.

Ajíjìn

Ìbéèrè kan: ṣé àwọ̀ wáyà kò tó láti fi mọ ti bíréèkì? Ẹnìkan sọ fún mi pé ti Honda, ewé ni ẹ́ẹ̀tì, ewé onílà yẹ́lò ni bíréèkì.

Tẹ́sítà21

Òótọ́ ni lórí ọ̀pọ̀ Honda. Ṣùgbọ́n lórí ọ̀pọ̀ Yamaha, dúdú ni ẹ́ẹ̀tì, yẹ́lò ni bíréèkì. Tí alùpùpù bá sì ti kọjá lọ́wọ́ èèyàn mẹ́ta, àwọ̀ tó wù wọ́n ni wọ́n á ti fi so ó. Ẹ fi gílóòbù ìdánwò wá a kí ẹ tó gé ohunkóhun.

Arìnkiri

Ẹ̀yin ará, mo ti tú u. Ọ̀sán Sátidé ni mo fi ṣe é.

Rọ́bà tó yẹ kó wà lójú bóòtì méjèèjì, kò sí ọ̀kankan níbẹ̀. Ẹni tó ni ín kí n tó rà á ti fi nọ́ọ̀tì fún un mọ́ mọ́dùgáàdì lásán. Ẹ́ẹ̀tì náà, òrùka irin kan ni wọ́n dè mọ́ ṣáásì lábẹ́ àga. Wọ́n ti kun ṣáásì náà lọ́dà nígbà kan, orí ọ̀dà ni wọ́n sì padà de òrùka mọ́! Ẹyọ ojú kékeré kan tí bóòtì ti họ ọ̀dà kúrò ni gbogbo iná ẹ̀yìn ń gbà kọjá, ìyẹn náà ti dógùn-ún. Kò yani lẹ́nu pé òjò ń bà á jẹ́.

Mo yọ nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì ná, mo fi sáńpépà ha ọ̀dà náà títí irin fi tàn, mo ha òrùka náà, mo de e padà, mo fi gírísì bò ó kí omi má baà wọlé. Mo tún gbọ́ ti Bàbá, mo fa wáyà ẹ́ẹ̀tì kejì láti ara sọ́kẹ́ẹ̀tì tààrà sí bátìrì, kílíìpù tó dáa ni mo lò. Mo ra rọ́bà mẹ́rin pẹ̀lú òrùka irin inú wọn. Mo kán òjé díẹ̀ sí ìdí gílóòbù. Súwíìṣì ẹsẹ̀ náà pẹ́ jù, mo ti sún un wá síwájú.

Mo wọ̀n ọ́n: 0.08 fóòtì níbi tí 3.1 wà tẹ́lẹ̀. Bí mo ṣe tẹ bíréèkì, gbogbo ògiri ẹ̀yìn mi pọ́n. N kò mọ̀ pé gílóòbù yẹn lè mọ́lẹ̀ tó báyìí. Ìyàwó mi dúró ní ìṣísẹ̀ 30 lójú oòrùn, nínú ìgbà mẹ́wàá, mẹ́wàá ló mọ̀.

LED ṣì wù mí, nítorí ẹsẹ̀ bàtà 14 yẹn. Àpótí tó ní E lára ni n ó wá, tó ní iná funfun fún nọ́ńbà.

ÌyáẸlẹ́ńjìnnì

Ẹ kú iṣẹ́ o! Inú mi dùn. Bí ẹ bá ti rìn bíi kìlómítà 500, ẹ tún bóòtì ẹ́ẹ̀tì yẹn fún díẹ̀, kí ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ sọ nọ́ńbà tí ẹ rí fún wa.

Arìnkiri

N ó ṣe bẹ́ẹ̀, Ìyá. Mo ti kọ 0.08 sínú àpótí irinṣẹ́ mi, kí n lè fi wé e.